Orin Tí Àńtí Sáfí Kọ fún Kámẹ́rà Òfìfo

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú kirikiri, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Mo ṣẹ obìnrin kan ní Banjul, obìnrin náà sì ṣe mí lóore. Ọmọ rẹ̀, Mariyama, ń bọ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Oníròyìn ni mí nígbà náà, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí ìlú padà sí orúkọ rẹ̀ àtijọ́, Banjul. Bàbá mi ló kó wa débẹ̀ láti Ọ̀fà, aṣọ ni wọ́n ń tà lọ́jà. Kámẹ́rà tó ń ya àwòrán tó ń rìn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní tèmi. Olórin kan ń gbé nítòsí wa ní àdúgbò Bundung, ọmọ Àkú, àwọn tí ìran wọn ti Freetown wá. Ẹgbẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ń pè é ní Àńtí Sáfí. Ta ni kò mọ ohùn rẹ̀ lórí rédíò? Nígbà tí Ọlọ́run wá fún èmi àti ìyàwó mi lọ́mọ lẹ́yìn ìdúró pípẹ́, a sọ ọ́ ní Sáfí. Bẹ́ẹ̀ ni olórin ṣe di tọmá ọmọ mi, bí àwọn méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ti ń pe ara wọn níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Róòlù fíìmù kan ṣoṣo ló kù níbi iṣẹ́. Ọ̀gá mi gbé e fún mi, ó ní kí n fi ya Àńtí Sáfí ní sítúdíò, torí àwọn kan ní London fẹ́ wò ó kí wọ́n tó pè é wá kọrin. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó fíìmù wá kò tíì dé.

Ọjọ́ ìkómọ, tí àwọn Àkú ń pè ní kòmójáde, Àńtí Sáfí gbé ọmọ mi jó yí àgbàlá ká. Orí mi wú. Mo ní kí n kàn ya díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ni mo yà títí fíìmù fi tán.

Mi ò lè sọ fún ọ̀gá. Àlejò ni mí nílùú, iṣẹ́ yẹn ni mo sì fi ń bọ́ ilé. Mo gbé kámẹ́rà òfìfo lọ sí sítúdíò, mo dúró sẹ́yìn gíláàsì, mo ń ṣe bí ẹni ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti pa fáànù nítorí ariwo. Àńtí Sáfí bọ́ bàtà, òógùn bò ó. Wọ́n gba orin náà sílẹ̀ tán, ó ti jókòó, ó ń mu omi, ni ọ̀gá mi bá bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí kámẹ́rà.

Torí kámẹ́rà o! Ó dìde. Ó tẹjú mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà tó yá, mo purọ́ pé ooru ló ba fíìmù jẹ́. Ọ̀gá mi gbaná jẹ, ó ní kí n máa lọ sílé. Àńtí Sáfí fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní ohùn òun há lọ́jọ́ náà, ó dára bí fíìmù náà ṣe bàjẹ́. Kò sí ohun tó ṣe ohùn rẹ̀. Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó rọra bá mi sọ̀rọ̀ ní èdè Àkú:

"Bàbá Sáfí, kòmójáde ló jẹ fíìmù yẹn tán. Ojú mi ni o ṣe yà á tán, mo ti mọ̀ kí n tó dìde kọrin lẹ́ẹ̀kejì. Tọmá mi ni mo kọ ìkẹyìn yẹn fún. Tó bá dàgbà, sọ fún un."

London kò pè é. Síbẹ̀ kò yéé fi aṣọ ọdún ránṣẹ́ sí ọmọ mi títí ó fi kú. Iṣẹ́ tó gbà padà fún mi ni mo fi rán ọmọ náà nílé ìwé. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Àmọ́ mi ò tíì jíṣẹ́ tó rán mi.

Mariyama kéré gan-an nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ní òun kò rántí bí ìyá òun ṣe ń rìn. Ó bi mí bóyá nǹkan kan kù nínú fíìmù sítúdíò. Fíìmù ìkómọ wà nínú agolo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kò ní ohùn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń jó níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti ní kí Sáfí mi náà wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó, àbí kí n jẹ́wọ́ kí n tó tan ẹ̀rọ tí a fi ń wo fíìmù? Àńtí Sáfí ti dárí jì mí kí n tó ráyè bẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa bẹ ọmọ rẹ̀.