Ìrẹsì Ọjọ́ Ìbí Jésù

Nínú ọkọ̀ Iléṣà, ní Old Garage l'Óṣogbo, Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ kan, mo gbọ́ tí ìyá àgbà kan lẹ́yìn mi ń kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin.

“Ọdún yìí kì í ṣe tìtorí aṣọ tuntun o. Ọjọ́ ìbí Jésù ni.”

“Màmá, kí ló dé tó jẹ́ Alhaja la máa ń gbé ìrẹsì fún, tí a kì í gbé fún Jésù?”

“Ohun tá a bá fún aládùúgbò, Jésù la fún.”

“Ẹran àgbò tí Alhaja fún wa nígbà Iléyá ńkọ́? Ṣé Jésù ló fún wa?”

Ìyá àgbà tú gèlè, ó tún un wé.

“Òun náà ni. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, má sì jẹ́ kí Alhaja gbọ́.”