Idẹ Orúkọ Bàbá Dùnní

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ dá orin yẹn dúró ná. Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ tèmi, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Ṣé ẹ rò pé ìrẹsì nìkan ló sọ ikùn yìí di báyìí ni? Mo ti darúgbó, n kò fẹ́ gbé e lọ sọ́run.

Ọládùnní tó jókòó síbẹ̀ yẹn, etí ọ̀sà l'Ékòó la jọ dàgbà sí kí a tó tún pàdé nínú ìjọ yìí ní Barking, ní London níbí. Áà, ayé dùn nígbà náà! A ó sáré lórí iyanrìn láìwọ bàtà, a ó máa lé akàn, òórùn ẹja yíyan á gba àdúgbò kan. Òkúta ìrántí kan wà níbẹ̀ tí àwọn Òyìnbó gbé kalẹ̀ fún ọ̀gágun ojú omi wọn. Wọ́n ní ó jagun lójú òkun débi pé òkúta rẹ̀ àti òpópónà rẹ̀ kún ayé, títí kan ìlú tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Orúkọ rẹ̀ wà lára idẹ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ìṣó mẹ́rin kàn mọ́ òkúta náà: D, A, R, E. Bàbá Dùnní ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ, Olúwadáre sì lorúkọ tirẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin yẹn nìkan ló mọ̀ kà láyé. Láràárọ̀ ni yóò fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ nu idẹ náà, tí yóò máa rẹ́rìn-ín: "Ẹ wò ó, Òyìnbó kọ Dáre sára òkúta!"

Dùnní wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Bọ́ládé, orúkọ bàbá tèmi wà lára idẹ. Tìẹ kò sí lára ṣíbí pàápàá!" Ìlara ń jó mi nínú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Bàbá lọ jẹun, mo fi ọ̀bẹ yọ ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ju idẹ sínú ọ̀sà. Mo tún rẹ́rìn-ín, ọmọ burúkú.

Ibẹ̀ kọ́ ló burú jù o. Ọlọ́pàá dé, wọ́n ní ta ni ìbá jí i bí kò ṣe ẹni tó ń fọ́nnu pé òun ló ni ín. Bàbá ní, "Ọ̀gá, ṣé n ó jí orúkọ ara mi ni?" Wọ́n bi àwa ọmọdé. Mo wojú Bàbá tó máa ń bu ẹja sí mi lọ́wọ́, mo ní, "Mo rí i tó gbé e sábẹ́ bùbá." Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Dáre Olè ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú. Àwọn àbúrò Dùnní sì bọ́ orúkọ bàbá wọn sílẹ̀, wọn kò jẹ́ ẹ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Dùnní ṣìnà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Heathway, ló bá rí orúkọ òpópónà kan lára ògiri: D, A, R, E. Ọ̀gágun kan náà! Ó di ògiri mú, ó ń sunkún: "Wọ́n ní Dẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ń pè é níbí. Irọ́ ni jàre, orúkọ bàbá mi rèé. Bọ́ládé, ṣé ó jí i lóòótọ́?" Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo kàn ní bọ́ọ̀sì wa ti ń bọ̀.

Dùnní, bàbá rẹ kò jalè. Èmi ni. Má tíì dárí jì mí. Dá Dáre láre ná. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá fẹnu ba orúkọ ẹlòmíì jẹ́, ẹ tún un ṣe nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Èmi ti pẹ́ jù fún Bàbá. Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò rẹ ṣì wà láyé, Dùnní. Pè wọ́n, n ó fẹnu ara mi sọ fún wọn. Fóònù rẹ dà?