Ebi Ń Pa Táyà

Ẹ bá mi júbà ọkùnrin tó ń fi ìpá kan ṣoṣo mọ iye atẹ́gùn inú táyà. Kò sí ẹ̀rọ tó gbọ́n tó ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo pàdé ọ̀kan nílé epo kan ní Lanham, l'Amẹ́ríkà, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù ń jẹ ni létí, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n bí síbẹ̀, wọ́n wà níwájú mi nídìí ẹ̀rọ atẹ́gùn.

Bàbá ta táyà nípàá. "Ó le koko. Òtútù lásán ló tan iná ìkìlọ̀ táyà inú ọkọ̀ yẹn. Mú kọ́kọ́rọ́ wá, mo ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́."

"Dádì, rárá. Ẹ ò ní gbé e gun highway. Ebi ń pa táyà."

"Ebi? Ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá yẹn?"

"Ẹ̀yin ni. Tí òtútù bá mú, air inú ẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. Ẹ fi géèjì wò ó."

"Mo ti ń wakọ̀ n'Íbàdàn kí wọ́n tó bí ìyá ẹ!"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá kan ṣoṣo ni mo ní."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ki géèjì bọ ẹnu táyà. Mẹ́rìnlélógún ló kà; ìwé ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní kó jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

"Ebi ń pa á lóòótọ́," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó yá, jẹ́ ká bọ́ ọ."

N kò lè fi wọ́n ṣẹ̀sín. Iná ìkìlọ̀ táyà ọkọ̀ tèmi ti ń tàn láti ọjọ́ mẹ́rin. Èmi náà ti ta táyà mi nípàá, mo sì ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é.