Àwọn Dàbínù Tí Dókítà Ayẹni Ní Kí Wọ́n Fà Tu

"Lónìí, ẹnu ara mi ni yóò tú mi fó, kì í ṣe ẹnu ẹlòmíràn," ni Dókítà Ayẹni wí. "Irọ́ tí mo fi di èèyàn ńlá nínú ilé yìí, ojú gbogbo yín ni n ó ti tú u."

Yàrá ìpàdé ilé ìwádìí ọ̀gbìn kan ní Bódìjà ló ti sọ ọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún 1998. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ìwádìí tuntun ló fẹ́ ṣàlàyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínsànyà, olórí ilé ìwádìí náà, jókòó níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò tíì rí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí Ayẹni fi lé akọ̀wé Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ láàárọ̀. Àwọn méjì tí kò rẹ́rìn-ín wà lẹ́yìn pátápátá: Àlhájì Àyànníyì, tó ń ta dàbínù ní Dùgbẹ̀, àti Láwùmí, tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àgbówó.

Inú ń bí Ayẹni, ara rẹ̀ ló sì ń bínú sí. Láti ọjọ́ tí Àlhájì ti já wọ ọ́fíìsì rẹ̀, tó gbọn ṣírí òdòdó gbígbẹ kan sórí tábìlì, tí lẹ́búlẹ́bú funfun bo gbogbo ìwé, ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Kí lèyí, Dókítà?" Àlhájì bi í.

"Òdòdó akọ ni, Àlhájì."

"Ara àwọn tó o pè ní abo ni mo ti gé e! Akọ ń bímọ nílé tìẹ ni?"

Àgbówó ni Ayẹni gbà lọ lọ́jọ́ náà, lọ́dọ̀ Láwùmí, kó lè bẹ̀ ẹ́ nítorí pé òun ti bo òtítọ́ tí ọmọbìnrin náà rí mọ́lẹ̀. Láwùmí kò tilẹ̀ dìde nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. "Ẹ wá bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀, sà? Ṣé kọ̀rọ̀ lẹ ti pè mí lólè ni? Ibi tẹ́ ẹ ti bà mí jẹ́ ni kẹ́ ẹ ti lọ tún mi ṣe." Ìdí nìyẹn tí Ayẹni fi dúró níwájú wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́," ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Igi dàbínù ní akọ, ó ní abo. Abo nìkan ló ń so. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbìn ín láti inú kóró, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ akọ títí yóò fi yọ òdòdó, àgbẹ̀ á sì ti pọnmi fún un fún ọdún gbọọrọ. Èmi wá kéde pé mo ti rí àmì kan nínú okùn àjogúnbá, tí wọ́n ń pè ní DNA, tó wà nínú ewé rẹ̀, àmì tó máa ń hàn bí ìlà lábẹ́ iná ẹ̀rọ wa. Mo ní abo nìkan ló ní in. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí lára àwọn igi tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn! Mo dà bí ẹni tó wọ agboolé kan, tó rí i pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ló kọ pélé, tó wá bọ́ sígboro tó ń pe gbogbo ẹni tó bá ní pélé ní obìnrin.

"Ibí yìí ni Láwùmí ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ó já ewé àwọn igi mìíràn tó ti yọ òdòdó, ó sì yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní, 'Sà, akọ yìí ní àmì, abo yìí kò ní. Irọ́ ni àmì wa ń pa.' Mo ní ó da ewé pọ̀ ni. Ó tún un ṣe, bákan náà ló rí. Mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínsànyà. Wọ́n ní, 'Àlejò ń bọ̀ láti òkè òkun. Ta ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ da omi sí iná tó ń jó dáadáa?'"

Ẹ̀rín Ọ̀jọ̀gbọ́n parẹ́. "Ayẹni, ṣọ́ ẹnu rẹ!"

"Mo ti ń ṣọ́ ọ bọ̀ tipẹ́, sà. Ìyẹn ló sọ mí di ẹni tí mo dà yìí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìbínú dìde, ó jáde, ó sì gbá ilẹ̀kùn dé gbàà. Ayẹni kò wẹ̀yìn.

"Àlhájì gbà mí gbọ́. Ọ̀nà Katsina, nílùú àwọn àna wọn, ni oko dàbínù wọn wà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń fa omi nínú kànga fún àwọn ọ̀gbìn wọ̀nyẹn. Mo so aṣọ pupa mọ́ gbogbo èyí tí mo pè ní akọ, mo ní kí wọ́n fà wọ́n tu. Ìyá arúgbó kan di ọ̀kan mú, ó ní ọdún tí ọmọ òun kú lòun gbìn ín. Àlhájì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Mo ní, 'Ẹ sọ fún wọn pé akọ ni, kò wúlò.' Wọ́n sì fà á tu lójú ìyá."

"Ó lè jẹ́ abo!" Àlhájì pariwo láti ẹ̀yìn. "Ta ló mọ̀? Ta ló máa mọ̀ láéláé? Igi tó ti kú kì í yọ òdòdó!"

"Òtítọ́ ni, Àlhájì. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù."

Èyí tó kù yìí, Ayẹni kò lè sọ ọ́ jáde ní Àgbówó.

"Kí n tó lọ sí Katsina, Láwùmí ní òun máa lọ bá Àlhájì ní Dùgbẹ̀, òun á ní kí wọ́n dúró ná. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo èèyàn lọ jẹun ọ̀sán, mo mú ìgò oògùn tó wọ́n jù lọ nínú fìríìsà, mo kì í bọ inú báàgì rẹ̀. Èmi náà ni mo pe àwọn ọlọ́dẹ pé kí wọ́n yẹ ẹrù gbogbo èèyàn wò. Èmi ni mo kọ́kọ́ kígbe olè. Mo mọ̀ pé bó bá ti di olè, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ohun tó bá sọ nípa igi."

Láwùmí dìde.

"Àyọ̀ká," ó wí.

Kò yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó yé Ayẹni: Àyọ̀ká ni ọ̀rẹ́ Láwùmí tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì kan náà.

"Àyọ̀ká nìkan ló máa ń jókòó ti báàgì mi," Láwùmí ní, ohùn rẹ̀ ń ga sí i. "Òun ni mo rò pé ó ṣe é! Ó wá sílé mi, ó ń sunkún, ó ní kí n sọ ohun tóun ṣe. Mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà tó kú níbi ìkúnlẹ̀, mi ò lọ sìnkú rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo pàdánù, mo ti gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹ sọ mí di ìkà sí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí, sà! Ẹ sọ mí di ìkà!"

Ayẹni dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ, bí iṣẹ́ yín bá já sófo, ẹ sọ pé òfo ni. Òfo kì í pani. Aṣọ tí mo fi bo tèmi ló ń béèrè aṣọ mìíràn lójoojúmọ́, títí mo fi bọ́ ti ọmọ ọlọ́mọ lára rẹ̀."

"Ẹ dìde," Láwùmí ní. "Kí ni n ó fi ìdọ̀bálẹ̀ ṣe? Ilé ìyá Àyọ̀ká wà ní Ṣálẹ́ǹjì. Ibẹ̀ là ń lọ."

Ọkọ̀ Àlhájì ló gbé wọn. Wọ́n kọjá Ríǹgì Róòdù. Ìyá Àyọ̀ká, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láwùmí kò kí wọn. Ó kúnlẹ̀.

"Mà, Àyọ̀ká kò mọ nǹkan kan nípa ìgò yẹn. Èmi ni mo fura sí i."

Ayẹni sọ ìyókù lórí ìdúró, nítorí kò sẹ́ni tó fún un níjòókòó. Ìyá gbọ́ ọ dópin. Ọwọ́ wọn kò bó ẹ̀gúsí mọ́.

"Lọ́jọ́ tá à ń gbé e lọ sílé ìwòsàn," wọ́n ní, "nínú ìrora yẹn, ó bi mí pé, 'Mọ́mì, kí ni mo ṣe fún Láwùmí?' Mi ò rí nǹkan kan sọ fún un."

Wọ́n fa Láwùmí dìde, wọ́n sì mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bẹ́ńṣì. Ayẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìyá nawọ́ dá a dúró.

"Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ, kó o sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Pariwo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ará àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ mi dalẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí náà."