Ó Ní "Uwa", Mo Gbọ́ "Wá"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi dé òpin. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ń kìlọ̀ fún ọmọ tirẹ̀ ní pálọ̀ mi: "Má sún mọ́ mọ́là o. Ọ̀kan fẹ́ jí èmi náà gbé rí. Àbí mo parọ́, Màámi?"

Mo ní, "O ò parọ́." Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti kùn mí.

Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á.

Ayé SAP ni, nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó, ní Agége. Wọ́n ti dá bàbá Bọ́sẹ̀ dúró níbi iṣẹ́. Èmi ṣì ń di bisikíìtì sí páálí ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ìròyìn gbọ́mọgbọ́mọ gba àdúgbò. Gbogbo wa la gbà pé Hausa ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rí ọ̀kan rí nínú wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Lẹ́bàá ojú irin, mo rí àbókí tó máa ń tún bàtà ṣe kiri. Ó gbé Bọ́sẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, sí èjìká, ó ń pariwo. "Wá! Wá!" ni mo gbọ́, bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí n tó ronú, mo ti figbe ta: "Gbọ́mọgbọ́mọ!"

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan yẹn ti tó. Wọ́n ya bò ó. Mo já Bọ́sẹ̀ gbà. Ó sọ sí mi létí pé, "Màámi, rélùweè ń bọ̀, ó gbé mi kúrò lójú irin." Wọ́n ṣì ń lu ọkùnrin náà nígbà yẹn. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ mi.

Alhaji, lánlọ́ọ̀dù wa tó gbọ́ Hausa, ló dá wọn dúró. Ó bi ọkùnrin náà léèrè, ó wá yíjú sí wa: "'Uwa' ló ń wí. Ìyá nìyẹn. Ìyá ọmọ ló ń wá kiri."

Ẹnì kan fi í ṣẹ̀sín: "Alhaji, ẹ̀yin náà ti di mọ́là!"

Alhaji kọjú sí mi. "Ìyá Bọ́sẹ̀, kí lo rí?"

Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Mo ní, "Ó ń gbé e sá lọ ni, sà."

Alhaji ò jẹ́ kí wọ́n pa á. Ọkùnrin náà tiro lọ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ẹni tó ń tún ti gbogbo wa ṣe. A ò rí i mọ́. N kò béèrè orúkọ rẹ̀ rí.

Ká ní ọmọ Yorùbá ló gbé e, "Ẹ ṣeun" ni ǹ bá kọ́kọ́ sọ. Ó dá mi lójú. Ẹ̀rù ló mú mi pariwo, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìtìjú ló mú mi bo ọmọ lẹ́nu.

Bọ́sẹ̀ ti gbàgbé rélùweè. Ohun tí mo sọ ló rántí, òun náà ló sì ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ọwọ́ yẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀ báyìí?