Okùn Tí Mo Rì Sómi

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń gbé ẹ̀bi kan kiri. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sì sọ fún àbúrò mi tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe é. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí ọmọbìnrin kan tí wọn ò tíì bí nígbà náà ló fẹ́ jẹ ìyà rẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni mo wà, aṣọ òfì ni mo ń hun. Lẹ́yìn tí ìyá wa kú, èmi ni mo tọ́ Gàníyù, àbúrò mi kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ ni Ọlọ́run fún un. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama, kò sí ẹni tó lè bá a sá ọgọ́rùn-ún mítà ní gbogbo agbègbè wa.

Ní Ìwéré-Ilé, ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Lásísì. Eré ọ̀nà jíjìn ni tirẹ̀. Bó bá sá ẹgbẹ̀rún márùn-ún mítà tán, á tún lọ pọn omi. Àwọn ará ibí ń sọ pé Gàníyù ló yára jù, àwọn ará ọ̀hún ní eré tó parí kí èèyàn tó sín tán kì í ṣe eré. Àríyànjiyàn náà pọ̀ débi pé àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ní kí wọ́n kúkú wá agbede méjì eré àwọn méjèèjì, kí wọ́n sá ẹgbẹ̀ta mítà. Kò sí ẹ̀bùn, kò sí ife ẹ̀yẹ. Kí ìlú kàn fojú rí i ni.

Ọ̀nà oníyangí tó gba ẹ̀gbẹ́ pápá ilé ẹ̀kọ́ wa ni wọ́n fẹ́ lò. Olùkọ́ wa fi ẹsẹ̀ ka ọ̀nà náà, ó ní ó jọ pé ìdí igi kaṣú kan ni yóò parí sí. Ṣùgbọ́n téépù tó ní kò ju mítà márùn-ún lọ, ti káfíńtà ni. Ló bá ní kí n lọ́ okùn wá, nítorí ahunṣọ tó ń ta òwú, tó ń rìn lọ rìn bọ̀ na òwú sílẹ̀ kó tó hun ún, mọ ìwọ̀n. Mo fi òwú lọ́ ọ, ó ki dáadáa. Olùkọ́ wọ̀n ọ́n lójú gbogbo wa, ó so òwú pupa mọ́ ibi tó ti pé àádọ́ta mítà. Bí a bá tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejìlá, ọ̀nà pé. Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Gàníyù lọ dán ọ̀nà náà wò, mo sì tẹ̀ lé e. Ó sáré dáadáa, àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìdí kaṣú, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú á tì mí lọ́la."

Kò jẹun. Ó yẹ kí n tù ú nínú, kí n sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun kan tí olùkọ́ kò mọ̀: okùn òwú tó bá mu omi yó máa ń súnkì. Mo rì í sínú korobá omi. Kí n má tún purọ́ mọ́, kì í ṣe àánú rẹ̀ nìkan ló ṣe mí. Èmi náà ti fọ́nnu jù nídìí òfì. Ẹnu ara mi ni mo ń gbà sílẹ̀.

Láàárọ̀, mo fún omi ara okùn náà dànù, mo gbé e lọ. Lásísì ti dé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi di orí kejì mú. Àwa méjèèjì la jọ tẹ́ ẹ, olùkọ́ ń kà á.

"Ẹ̀gbọ́n, okùn yín mà tutù."

Mo ní, "Ìrì ló sẹ̀ sí i."

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. A ò tíì dé ìdí kaṣú tí ìkejìlá fi pé. Olùkọ́ ní kí a má wò ó, ẹsẹ̀ òun ló ṣì í kà.

Gàníyù ló ṣíwájú látìbẹ̀rẹ̀. Lásísì ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ déédéé bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń ta òwú. Nígbà tó yá, àlàfo náà bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Ìṣísẹ̀ méjì ló kù láàárín wọn nígbà tí Gàníyù kọjá ìlà, ó sì ṣubú lulẹ̀. Lásísì kò dúró. Ó sá kọjá lára rẹ̀ títí dé ìdí kaṣú kó tó dúró. Ìlú ń hó. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni eré yẹ kó parí sí.

Àwọn ará ilé Lásísì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi eré sílẹ̀, ó gbé ọkọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lọ sọ́jà Ìwéré-Ilé. Ọkùnrin tó jókòó tì mí fi orúkọ ọmọ mi kí mi, ó ní Ìyá Ramọ́tà. Lásísì ni. Ẹ̀gẹ́ àti kaṣú ló ń gbìn báyìí. Ó ní ọmọ òun, Bàsírá, ń sáré, olùkọ́ rẹ̀ sì fẹ́ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ eléré sísá, pé kí òun fèsì kí ilé ẹ̀kọ́ tó gba ìsinmi. Òun kò ní gbà. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀.

"Mo ti sá a rí, mo mọ ibi tí agbára wa mọ. Àwọn kan ní wọ́n rẹ́ mi jẹ níjọ́sí. Mo ní rárá o, èmi fúnra mi ni mo di orí okùn kejì mú."

Ẹ jọ̀ọ́, ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo wo ojú fèrèsé títí a fi dé ọjà.

Gàníyù ti di olùkọ́ eré ìdárayá ní Ṣakí. Àwòrán ọjọ́ yẹn ló gbé kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀, ìtàn rẹ̀ ló sì ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́. Kò mọ nǹkan kan. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ohun tí mo ṣe fún Lásísì ni mo tún ń ṣe fún Bàsírá ọmọ rẹ̀.

Okùn náà ṣì wà nínú àpótí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún rì í sómi, mo wọ̀n ọ́n. Mítà mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ lọ́nà méjìlá, ẹ ó rí ohun tí mo jí lẹ́sẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Ilé ẹ̀kọ́ kò ní pẹ́ gba ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ èèyàn rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Gàníyù ní Ṣakí? Àbí kí n gbé korobá omi àti okùn náà lọ sí Ìwéré-Ilé tààrà, kí n kúnlẹ̀ fún Lásísì lójú ọmọ rẹ̀, kí n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó tún bá mi di orí kejì mú?