Ìkẹrin Láti Òsì

Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹ̀bi tó jẹ́ tèmi. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá mi, mi ò sọ ọ́ fún màmá mi, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹni tó ń ru ẹ̀bi náà gan-an. Bóyá ǹ bá ṣì dákẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọkùnrin náà wá sí ilé wa ní Ìlaròó, ó fún mi ní ẹ̀bùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Mi ò ní bù mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, mi ò sì ní bù kúrò níbẹ̀.

Obìnrin ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ilé ni mo wà, mò ń retí ìwé àgùnbánirọ̀. Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń gbádùn ara wọn ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan, irú èyí tí àwọn ọ̀gá ńlá ń gùn kí wọ́n tó bí mi. Awọ ni wọ́n fi ṣe àga rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sì í pariwo bí ẹ bá tì í. Ọ̀nà Kútọnu ló gbà wọlé, nítorí náà Faransé ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Iná ọkọ̀ náà ló máa ń fún èèyàn ní iṣẹ́. Fíúsì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ó tún wà nínú búùtù. Fíúsì ni ohun kékeré tó máa ń jóná kí wáyà má baà jóná. Rílè yàtọ̀ sí i. Ike dúdú onígun mẹ́rin ni rílè. Iná kékeré ló ń pàṣẹ fún un, òun náà á wá ṣí ọ̀nà fún iná ńlá. Bọ́tìnnì tí ẹ fi ìka tẹ̀ kò lè gbé iná tí fáànù tàbí pọ́ǹpù ń jẹ. Rílè ló ń bá a gbé e. Mo fẹ́ràn láti máa wo gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi sábà máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù rewáyà wa.

Ẹ jẹ́ kí n pe rewáyà náà ní Ẹ̀gbọ́n Múfú. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti lé ní ogójì ọdún, kò sì kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ olùkọ́ mi lọ. Ó ní tẹ́sítà kan, irin ṣóńṣó tó ní gílóòbù kékeré nínú. Tó bá fi kan ibi tí iná wà, gílóòbù á tàn. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Àbúrò, má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nídìí iná o, títí kan èmi. Gílóòbù yìí nìkan ni kò mọ irọ́ pa."

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Bàbá àti Màmá fẹ́ lọ sí fídáù ọ̀rẹ́ Bàbá ní Ayétòrò. Ọkọ̀ kọ̀, kò ṣí. A tì í dé ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Múfú. Ó fi tẹ́sítà wò ó, ó ní rílè pọ́ǹpù epo ti kú. A ò lè rí irú rẹ̀ rà ní Ìlaròó. Èèyàn gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó.

Ó ní, "Mẹ́fà tó jọra ló tò sí ibí yìí. Ká yá ọ̀kan lára ohun tí a ò nílò lónìí, kí Bàbá fi lọ kí wọ́n fi bọ̀. Èwo ni ti ẹ́sì?"

Kò sí àṣìṣe nínú ohun tó sọ: ẹ́sì kàn ń mú inú ọkọ̀ tutù ni, ọkọ̀ lè rìn láìsí i. Gbogbo rewáyà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ọkọ̀ yẹn nìkan ni kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sì mọ ipò rílè rẹ̀ lórí. Ó wá yí ìdérí àpótí tí àwọn rílè náà wà sí mi. Ìwé Faransé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, tó ń sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òsì lọ sí ọ̀tún.

Panẹ́bítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, dókítà ọkọ̀ ti dé! Àǹtí, ọjọ́ tí ọkọ yín bá béèrè ọbẹ̀, ṣé fíúsì lẹ máa sè fún un?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n Múfú kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ fi àbúrò mi sílẹ̀ o. Faransé ló fẹ́ kà yẹn. Ìwọ tó o ń lu irin láti àárọ̀, Yorùbá gan-an, ṣé o rí i kà?" Ẹ̀rín náà bá yí padà sí panẹ́bítà.

Lóòótọ́ ni mo gbọ́ Faransé díẹ̀. Mo lo ọdún méjì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Pobẹ̀, lódìkejì ẹnubodè, nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo ka ìlà kìíní, pọ́ǹpù epo. Ìkejì, wáípà. Ìkẹta, fèrè. Ìkẹfà, iná iwájú. Ṣùgbọ́n epo ẹ́ńjìnnì ti bo ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún pátápátá. Mo mọ̀ pé ẹ́sì ní láti jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Mi ò mọ èwo.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti wò mí dáadáa. Èmi ni mo máa ń bi àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé mi ò rí i kà. Ṣùgbọ́n panẹ́bítà náà ṣì ń wò mí, Ẹ̀gbọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí yangàn tán.

Mo ní, "Ìkẹrin láti òsì, Ẹ̀gbọ́n. Ti ẹ́sì nìyẹn."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó wà nínú ìwé."

Ó yọ ọ́, ó fi sí ipò ti pọ́ǹpù, ọkọ̀ sì ṣí. Inú gbogbo wa dùn. Ó wá ní, "Jẹ́ kí n tan ẹ́sì wò ná." Bàbá ti ń fun fèrè. Èmi ni mo sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti pẹ́ o." Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó sọ fún Màmá pé ẹ́sì ò ní ṣiṣẹ́ lónìí, kí wọ́n má bínú. Wọ́n lọ.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa mọ̀ pé ibi àyẹ̀wò pọ̀ níbẹ̀ nítorí ẹnubodè. Irú ọkọ̀ yẹn kì í kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ mú ìwé wá. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á máa tu rádíétọ̀ rẹ̀. Bó bá dúró tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, fáànù nìkan ló kù. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ gùn lọ́jọ́ náà, Bàbá kò sì pa ẹ́ńjìnnì. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru hàn ti bàjẹ́ tipẹ́. Nígbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú, Bàbá sọ̀kalẹ̀, wọ́n mú aṣọ ìnujú, wọ́n ṣí ìdérí rádíétọ̀. Omi gbígbóná bẹ́ jáde, ó bo ọwọ́ ọ̀tún wọn dé ìgúnpá.

Ilé ìwòsàn ni mo ti bá wọn. Màmá ń sunkún, wọ́n sì ń sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀nà mà dára o. Ẹ tilẹ̀ ní ẹ́sì ò ní ṣiṣẹ́. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ wò ni, ó tutù bí omi àmù títí a fi dé ibi àyẹ̀wò."

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ́sì bá ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé kì í ṣe rílè ẹ́sì la yọ. Kí mẹkáníìkì kankan tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé ti fáànù rádíétọ̀ ni.

Nígbà tí mẹkáníìkì sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Bàbá bi mí lórí ibùsùn. "Ìwọ wà níbẹ̀. Ta ló yọ rílè fáànù?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n Múfú ló yọ ọ́, Bàbá."

Òótọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn yẹn. Mi ò tíì pa irọ́ tó burú tó o láyé mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bá ọkọ̀ náà níbi tí wọ́n wọ́ ọ sí. Mo fi ọṣẹ àti òwú nu ìwé yẹn. Ìlà kẹrin hàn: fáànù rádíétọ̀. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ẹ̀gbọ́n Múfú wá kí Bàbá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Bàbá yí ojú sí ògiri. Nígbà tí mo sìn ín jáde, ó dúró lábẹ́ igi, ó ń ka ìka rẹ̀.

"Àbúrò, dákun, rán mi létí. Ṣé ìkẹrin láti òsì lo sọ ni, àbí láti ọ̀tún? Mo ti rò ó títí. Ó jọ pé ọ̀tún lo sọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti òsì."

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Mi ò rántí mọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Kò burú. Èmi náà ni. Èmi ni mo mú irinṣẹ́ lọ́wọ́."

Ọwọ́ Bàbá jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò ká dáadáa mọ́. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kọ̀wé báyìí. Wọn kò bú Ẹ̀gbọ́n Múfú níta, ṣùgbọ́n ní mọ́sálásí àti ní ìpàdé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè nípa ọwọ́ náà, wọ́n á sọ ohun tí mo sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ bàbá mi wúwo nílùú. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ kò yà sí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan àpótí fíúsì mọ́. Bí àwọn tó kù bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá, á ní kí wọ́n lọ síwájú. Bátìrì nìkan ló ń ṣájì.

Ní ọjọ́ Ajé yẹn, ó fi ọ̀rá wé tẹ́sítà rẹ̀ wá fún mi. Ó ní òun ń lọ bá ẹ̀gbọ́n òun dáko ẹ̀gẹ́ ní Àgọ́ṣáṣà bí oṣù yìí bá parí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò lè ka ìkẹrin láti òsì, kí ló ń wá nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀? Ìwọ lo kàwé. Gbà á, kó má baà dípẹtà."

Mo gbà á. Mo tún sọ pé ẹ ṣé.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò béèrè lọ́wọ́ yín bóyá kí n sọ ọ́. Màá sọ ọ́ kí oṣù tó parí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ẹni tí màá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Bí mo bá sọ fún Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní kí n dákẹ́, pé àwọn á mọ bí àwọn yóò ṣe tún un ṣe, nítorí wọ́n fẹ́ràn mi, ojú á sì tì wọ́n. Bí mo bá sọ fún Ẹ̀gbọ́n Múfú, òun náà á ní kí n dákẹ́, kí ọwọ́ má baà dun Bàbá lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn méjèèjì lè fi ìfẹ́ bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀, kí ọkùnrin náà sì lọ sí oko pẹ̀lú èrò pé òun kò mọ òǹkà.

Mò ń rò ó pé kí n pe àwọn méjèèjì sídìí ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan náà, kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n gbé ìdérí tí mo nù yẹn lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ, àbí ìyẹn á kó ìtìjú bá bàbá mi lójú ẹni tí wọ́n kọ ìkíni rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i kíákíá.

Ẹ̀gbọ́n Múfú, bí ẹnikẹ́ni bá ka èyí sí yín létí kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Láti òsì ni mo sọ. Láti òsì náà lẹ kà á. Ẹ ò ṣì í kà.